Àpótí Ẹ̀rí Lójú Ogun

Ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì wa sí ìwé Sámúẹ́lì kìn-ín-ní, orí 4. Àwọn Filístínì ti pa nǹkan bí 4,000 nínú ọmọ ogun Ísírẹ́lì. Ni àwọn àgbààgbà bá ní kí wọ́n lọ gbé àpótí ẹ̀rí wá láti Ṣílò. Bí ó ṣe wọ ibùdó, wọ́n hó yèè tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi mì. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo yẹn á ní ìsọjí ti dé! Síbẹ̀, 30,000 ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣubú, wọ́n sì gba àpótí náà lọ.

Àwọn wo ló tẹ̀lé àpótí? Hófínì àti Fíníhásì ọmọ Élì ni, àwọn tó ń fi ipá gba ẹran lọ́wọ́ ẹni tó wá rúbọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Jeremáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn ènìyàn ń dárúkọ tẹ́ḿpìlì bí ẹni ń pọfọ̀. Wòlíì ní kí wọ́n lọ wo bí Ṣílò ṣe rí. Kí wọ́n má rẹ́ àlejò, aláìníbaba àti opó jẹ ni Ọlọ́run ń fẹ́.

Orí 34 ìwé rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí Bábílónì dó ti ìlú, ọba Sedekáyà àti àwọn ìjòyè dá májẹ̀mú nínú ilé Ọlọ́run pé àwọn yóò dá àwọn ẹrú tó jẹ́ Hébérù sílẹ̀. Wọ́n gé ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ lóòótọ́. Àfi ìgbà tí ogun Íjíbítì jáde, tí Bábílónì ṣí kúrò fúngbà díẹ̀, ni wọ́n bá tún kó wọn padà sóko ẹrú. Ní nǹkan bí 587 ṣáájú ìbí Kristi, Bábílónì wọ ìlú, wọ́n sì dáná sun tẹ́ḿpìlì náà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. A máa ń gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Bíbélì sì wà lórí tábìlì mi. Lọ́dún kan, fáìlì opó kan tó ń wá owó tí ìjọba jẹ ọkọ rẹ̀ tó kú wà lábẹ́ Bíbélì yẹn gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o! “Ẹ padà wá lọ́la” ni mo kàn ń sọ. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wo Bíbélì, ó wò mí, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ọjọ́ yẹn ni mo buwọ́ lù ú.