Àlejò Tí Ń Mu Sìgá ní Ìlú Òyìnbó
Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́

Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a wà ní ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó yẹ kí ẹni tí ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó mọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. A rò ó títí, a sì yan ọ̀rọ̀ sìgá. Ẹlòmíràn lè ní, kí ni ti sìgá nínú ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ìlú? A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

A kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Pé tábà ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́, àwọn oníṣègùn ti sọ ọ́ tó, a kò sì ní tún un sọ. Ẹni tí kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, ni a ní lọ́kàn.

Ìṣe ilé kan, èèwọ̀ ibòmíràn. Nínú ìjọba Bìrìtéènì, Scotland ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, ọdún 2006. Wales àti Northern Ireland tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin, ọdún 2007. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún kan náà. Láti ìgbà náà ni ó ti di èèwọ̀ láti mu sìgá tàbí ìkòkò tábà nínú ilé iṣẹ́, ilé oúnjẹ, ilé ọtí, ilé ìtajà, bọ́ọ̀sì, takisí àti ọkọ̀ ojú irin. Kì í sì í ṣe inú ilé tí ògiri rẹ̀ pé mẹ́rin nìkan. Bí òrùlé bá ti wà lórí, tí ibi tí ó ṣí sílẹ̀ lára ògiri kò sì tó ìdajì, ilé ni òfin kà á sí. Ẹni tí ó sá sábẹ́ àtíbàbà nítorí òjò lè rò pé òun ti jáde, kí òfin sì ní kò tíì jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò san pọ́n-ùn 50. Bí ó bá tètè san án kí ọjọ́ 15 tó pé, pọ́n-ùn 30 ni. Bí ó bá di ilé ẹjọ́, ó lè tó pọ́n-ùn 200.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó nìkan ni ó ní irú òfin yìí. Òfin àkóso tábà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 kọ̀ kí a ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì fẹ́ kí a máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ wa mọ bí a ti ń pa á mọ́. Òhún kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní òhún, ẹni tí ń ṣàkóso ibi tí a ti mu sìgá ni òfin tún le mọ́ jù. Bí ó bá jẹ́ kí wọ́n mu ún, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tí ó tó pọ́n-ùn 2,500 lé e lórí. Ẹ wo gbọ̀ngàn tí à ń háyà fún ìpàdé àti ìkómọjáde wa. Ẹgbẹ́ ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bí àlejò kan bá yọ́ wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ tan sìgá, aago kékeré tí ń gbọ́ èéfín yóò ké, gbogbo ènìyàn yóò tú jáde sínú òtútù, tọmọdé tàgbà, títí àwọn panápaná yóò fi ní kí a padà wọlé. Oúnjẹ yóò tutù. Nígbà tí a bá sì tún béèrè fún gbọ̀ngàn náà, wọn yóò ní kò sí àyè mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ sìgá ti kan ìlọsíwájú ìlú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé àṣejù ni èyí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti fòfin de sìgá nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1985 wọ́n fi àwọn ibùdó abẹ́ ilẹ̀ kún un. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò kì í lè dúró títí wọn yóò fi dé ìta. Orí àtẹ̀gùn tí ń fi ẹ̀rọ rìn, bí ó ti ń gbé wọn bọ̀ lókè, ni wọ́n ti máa ń ṣá ìṣáná. Igi ni àtẹ̀gùn náà nígbà náà, gírísì àti ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1987, iná sọ níbẹ̀. Ènìyàn 31 ni ó kú, ọ̀gá panápaná kan, Colin Townsley, sì wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Desmond Fennell ṣe olórí rẹ̀ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹyọ ìṣáná kan tí ẹnìkan jù sílẹ̀ ni ó fà á. Ẹni náà kò gbèrò ibi. Èrò tí ń kánjú relé ni. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fà yín lápá lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ má bínú sí i. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tilẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ ojú ọ̀run, a kò gbọ́dọ̀ mu sìgá níbẹ̀.

Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń kọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọdún 2015, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kò tọ́ kí a mu sìgá nínú ọkọ̀ tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà, bí a tilẹ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Bí baba àgbà bá tan sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn, wọ́n lè bu ìtanràn lé baba, kí wọ́n sì bu òmíràn lé ọmọ rẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ nítorí pé kò dá baba rẹ̀ lẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ dídá baba lẹ́kun yìí gan-an ni ó mú wa dìde. Ibi tí ó ti nira jù lọ kì í ṣe ojú títì. Inú ilé ọmọ ni. Òfin ọdún 2007 kò wọ inú yàrá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé àháyà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, a sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu sìgá nínú rẹ̀. Bí òórùn bá mú aṣọ ojú fèrèsé àti ẹní ilẹ̀, nínú owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé ni a ó ti yọ owó àtúnṣe. Ọmọ mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá wo ni yóò dìde láàárín yàrá kí ó ní, “Baba, ẹ jáde síta”? Baba tí ó ta ilẹ̀ kí òun lè rí owó ilé ìwé san? Kò ní lè sọ ọ́. Yóò ṣí fèrèsé nínú òtútù oṣù kìíní, yóò ní ooru ń mú òun. A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A ti rí ìyàwó tí ó gbé ọmọ ọwọ́ lọ sùn sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí èéfín, tí bàbá ọkọ sì pè é ní aláìmọ̀wàáhù.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ bi ọmọ léèrè pé, “Níbo ni a ti ń mu sìgá níbí?” Ìbéèrè kan yìí tú ọmọ sílẹ̀. Yóò mú yín lọ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí ìta ìsàlẹ̀, yóò sì wá ẹ̀wù òtútù fún yín. Kí ẹ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, pàápàá ti aládùúgbò tí ń gbé lókè; Òyìnbó kì í sábà pariwo mọ́ni, ìwé ni yóò kọ sí onílé. Nígbà tí ẹ bá padà wọlé, ẹ fọ ọwọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀wù kí ẹ tó gbé ọmọ-ọmọ. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Èéfín sìgá pàápàá kò ṣeé fi pamọ́ lára agbádá. Bí ẹ bá sì wà láàárín àlejò ẹlẹgbẹ́ yín, ní gbangba pàápàá, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣáná. Ẹni tí ó bá ní “Rárá” kò bú yín.

Ìdí sìgá kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìdọ̀tí ni òfin kà á sí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ a sì máa ṣọ́ ojú títì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2023, owó tí wọ́n lè gbà lójú ẹsẹ̀ lè tó pọ́n-ùn 500. Ẹ mú agolo kékeré kan tí ó ní ìdérí sápò. Ní Wales, ẹ má mu ún nínú ọgbà ilé ìwòsàn tàbí ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Ní Scotland, ẹ jìnnà sí ilé ìwòsàn ní mítà 15 ó kéré tán. Sìgá alábátìrì tí wọ́n ń pè ní vépù, inú àpò tí ẹ óò gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpótí tí ẹ óò fi jíṣẹ́; ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fà á nínú ọkọ̀.

Ní ti ẹrù, sìgá 200 ni àgbà kan lè mú wọlé láìsan owó orí, ìyẹn páálí 10. Bí ó bá lé, gbogbo rẹ̀ ni ẹ óò sanwó lé lórí, kì í ṣe èyí tí ó lé nìkan. Bí ẹ bá sì fi í pamọ́, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ti rẹ̀.

Àwọn ìyá wa kan ti bi wá léèrè nípa aṣáà. Èyí tí a ń fín sí imú kò ní èéfín, nítorí náà òfin ọdún 2007 kò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ fi sínú ike, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ìyẹ̀fun tí kò lórúkọ nínú ọ̀rá máa ń mú kí aṣọ́bodè béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.