Bíréèkì A Máa Kìlọ̀ Kí Ó Tó Já

  

Nígbà tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ọkàn mi lọ sí ọ̀nà tí a gbà dé ibí. Kò sí ọdún tí a péjọ tí kì í ṣe mọ́tò ni ó kó wa wálé. Bí jàm̀bá bá sì ṣe lójú ọ̀nà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Bíréèkì já." Àwọn kan a ní ayé ni ó ṣe é. Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ayé. Ohun tí mo wá sọ ni pé bíréèkì kì í sábà ṣàdédé já: a ti ké, a ti kìlọ̀, àwa ni a kò fetí sí i.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, irin kan a ti òróró tí ó wà nínú sìlíńdà kan níwájú ọkọ̀. Òróró kò ṣeé tẹ̀ kí ó kéré. Nítorí náà agbára ẹsẹ̀ náà a gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbẹ̀ ni páàdì ti ń fún irin pẹlẹbẹ tí ń bá táyà yí, tàbí kí súù ti inú tẹ dúróòmù. Eré ọkọ̀ a sì di ooru, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó di okùn tí ń sá lọ mú ti ń gbóná. Bí eré ọkọ̀ bá kúrò ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan tí ó di 80, iṣẹ́ bíréèkì kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Ooru yìí gan-an ni ọ̀tá. Òróró bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Tuntun èyí tí ó ní àmì DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 230 ti Celsius. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 155. Bí ó bá hó, oru a wà nínú páìpù, oru sì ṣeé tẹ̀ kí ó kéré: ẹsẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró.

Ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí bíréèkì ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí mo ń wí pé, "Bí owó oṣù bá dé." Láti òkè ni mo ti fi ẹsẹ̀ lé e, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dé ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo ta jíà sí kékeré, mo rọra fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ sì lọ dúró nínú koríko. Ẹnikẹ́ni kò farapa. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò dára?" Èmi kò rí èsì fún un.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín:

Èkíní, ẹ máa yẹ òróró bíréèkì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń dín kù, bóyá páàdì ni ó ń jẹ, bóyá ó sì ń jò. Ẹ má ṣe fi òróró ẹ́ńjìnnì dípò rẹ̀ láé, nítorí yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa pààrọ̀ òróró náà ní ọdún méjì-méjì.

Ẹ̀kẹta, bí páàdì bá kù mílímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí irin bá ń ké, bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá rọ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe dúró de owó oṣù.

Ẹ̀kẹrin, jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ òkè. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí.

Ẹ̀yin èrò, ẹ má ṣe tijú láti béèrè lọ́wọ́ dẹrẹba. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó páàdì kò tó owó pósí.

Kí Ọlọ́run máa kó wa wálé, kí àwa náà sì máa tọ́jú ohun tí ń kó wa wálé.