Ilé-Ọtí, Ilé-Ìgbé àti Òfin Ètò Ìlú: Ọ̀rọ̀ Ọ̀bà-Ilé



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ìwàásù. N kò wá bá ọlọ́tí jà, n kò sì wá gbè é lẹ́yìn. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí ìlú bá ń gbòòrò, nígbà wo ni ó yẹ kí a pinnu ibi tí ilé-ọtí, ilé-ijó òru àti hòtẹ́ẹ̀lì yóò wà, ta ni yóò sì pinnu rẹ̀?

Mo fi Ọ̀bà-Ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ìhà ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ ni ó wà, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́. Láti 1976 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ni ilé ti ń bí ilé lọ sí ìhà ibẹ̀. Oko àná di àdúgbò òní. Ẹnì kan kọ́ ilé tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ sọ ilé tirẹ̀ di ilé-ọtí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún ẹnì kejì, síbẹ̀ ìjà ti dé.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́ta ni a sábà ń gbọ́. Onílé ń wí pé ariwo kò jẹ́ kí ọmọ òun sùn. Àgbà ń wí pé orúkọ ìlú ń bàjẹ́. Ọlọ́tí ń wí pé òun ń san owó orí, òun ń gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún òun kí òun tó náwó. Òtítọ́ wà nínú ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn baba wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ń mú kòkòrò náà ni ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀.

Kí ni òfin wí? Òfin ètò ìlú ti 1992 ka yíyí ìlò ilẹ̀ padà, bí ìyípadà náà bá kan àyíká gidigidi, mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ní 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà pinnu pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi àṣẹ lórí ọtí títà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọwọ́ kan ń fọwọ́ sí ilé, ọwọ́ kejì ń fọwọ́ sí ọtí. Bí kò bá sí àwòrán ilẹ̀ kan tí ọwọ́ méjèèjì jọ ń wò, ariwo ni yóò kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò pé nǹkan ti yí padà.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Detroit ṣe òfin ní 1972 láti fọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ ká, kí wọ́n má baà tò jọ sí ojú kan. Boston ṣe òdìkejì ní 1974: ó kó wọn jọ sí àdúgbò kan ṣoṣo. Ìlú kékeré Renton ní tirẹ̀ wí pé ilé sinimá àwọn àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé-ìgbé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, èyí tí ó tó nǹkan bí mítà 305. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí pé ìpalára fún àdúgbò ni òfin náà dojú kọ, ó sì ṣẹ́ ilẹ̀ kù fún oníṣòwò náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò fi ìbínú ṣe é.

Níbi tí ìbínú bá ti ṣíwájú ìwọ̀n, ènìyàn ni à ń fìyà jẹ dípò ilé. Ní 2017, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi nítorí àwọn obìnrin tí agbófinró mú ní òru ní Àbújá, tí wọ́n sì pè ní aṣẹ́wó láìsí ẹ̀rí. Ẹ kíyè sí i: obìnrin tí ó ń kọjá lọ ni ọwọ́ tẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkíní, kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ya àwòrán Ọ̀bà-Ilé kan, kí a kọ iye mítà sí i, kí a sì gbé e kọ́ sí ààfin Ọlọ́bà àti sí ọjà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Èkejì, kí a pe ayálégbé, ọlọ́tí àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ sí ìpàdé, kí ó má jẹ́ onílé nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdúgbò tálákà ni a óò ti gbogbo ariwo sí. Ẹ̀kẹta, kí a fún ẹni tí ó ti kọ́lé kí òfin tó dé ní àkókò tí ó tó láti ṣí lọ.

Ilẹ̀ ṣì kù ní Ọ̀bà-Ilé tí a kò tíì kọ́lé sí. Orí ilẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ṣì ti lè wúlò.