Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán Tó Lọ sí Ìlú Òyìnbó

Láti Festac ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọdún 1949. Lóṣù kẹjọ, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ó di Liverpool. Etim Henshaw ni olórí ikọ̀. Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò wọ búùtù, ẹsẹ̀ lásán ni, bíi tàwọn ọmọ tó ń gbá monkey post l'Ágbójú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na Marine 5-2!

Àmọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9, 2 péré ni wọ́n borí. Wọ́n gbá ọ̀mì 2, wọ́n sì pàdánù 5. Ká ní òde òní ni, a ò bá ti bú wọn tán lórí X.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà sí Freetown, wọ́n na Sierra Leone 2-0. Ibẹ̀ ni ìtàn Super Eagles ti bẹ̀rẹ̀. Thunder padà sí ìlú òyìnbó, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré Surulere lónìí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olódo, ẹ jẹ́ kó gbá a tán ná. Ó dìgbà kan ná o.