Kíka Lẹ́tà Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà kan bá àwọn ará ìlú sọ ní Daagbé, ní agbègbè Ifangni

  

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ti mọ̀wé kà. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín bá kọ ránṣẹ́. Nísinsìnyí, àwọn kan nínú yín ní kí á fi ẹ̀kọ́ méjì kún un. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé: bí owó ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, àti ohun tó ń dá iye lé ọjà. Èkejì ni ẹ̀kọ́ ìṣèlú: ta ló ni agbára, ta ló fi lé aláṣẹ lọ́wọ́, báwo ni a ṣe lè béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn kan gbà. Àwọn kan kò gbà. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní: «A-B-D ti tó wa. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìjọba, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀.» N kò bínú sí wọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí á kọ́ ọ.

Bàbá tó mọ̀wé kà

Bàbá mi mọ̀wé kà. Ní ọdún kan, ìyá mi ṣàìsàn. Bàbá mi yá 60.000 sẹ́fà lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ó fi oko ọ̀pẹ rẹ̀ dógò. Oníṣòwò náà kọ ìwé. Bàbá mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí kò mọ̀. Ìwé náà sọ pé èlé owó jẹ́ 10 lórí 100, lóṣooṣù. Bàbá mi fọwọ́ sí i.

Lóṣooṣù, ó ń san 6.000 sẹ́fà. Ó rò pé gbèsè ń dínkù. Nígbà tí oṣù 12 pé, ó lọ bá oníṣòwò náà. Ó ní: «Mo ti san ju ohun tí mo yá lọ. Ẹ dá oko mi padà.» Oníṣòwò náà ṣí ìwé. Ó ní: «Èlé ni ẹ ń san. 60.000 mi ṣì wà lọ́rùn yín.»

Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò náà. Èlé 10 lórí 100, tí owó bá jẹ́ 60.000, jẹ́ 6.000. Ẹ ka 6.000 ní ìgbà 12. Ó di 72.000. Bàbá mi ti san 72.000, ó sì tún jẹ 60.000. Kò rí i san. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹlòmíràn fi ń kó ẹyìn orí ọ̀pẹ wa.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oníṣòwò náà kò purọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ló gbà. Bàbá mi ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò ka owó. Bí ẹnì kan bá ti kọ́ ọ pé kí ó fi 6.000 lọ́nà 12 kí ó tó fọwọ́ sí i, kò ní fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kíka lẹ́tà nìkan kò tó.

Epo pupa tí à ń fún

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tó ń fún epo. Ó sọ fún wa pé òun ń jèrè dáadáa. A ní kí ó ka ohun gbogbo tó ná, a sì kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ má ṣe wo iye tí mo fẹ́ dá yìí bí iye ọjà òní. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ni kí ẹ dì mú.

Ó ta bídọ̀n epo kan ní 20.000. Ó ra ẹyìn ní 15.000. Ó ní: «Mo jèrè 5.000.»

A bi í pé: «Igi ìdáná ńkọ́?» Ó ní 1.000. «Àwọn tó bá ọ pọn omi, tí wọ́n bá ọ gún ẹyìn ńkọ́?» Ó ní 1.200. «Ọkọ̀ tó gbé epo dé ọjà ńkọ́?» Ó ní 800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3.000. Èrè 5.000 di 2.000.

Lẹ́yìn náà a bi í pé: «Ọjọ́ mélòó ni ìwọ fúnra rẹ fi ṣiṣẹ́?» Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pín 2.000 sí ọ̀nà mẹ́ta. Kò tó 700 sẹ́fà lóòjọ́.

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá tó wà níbẹ̀ ló ń fún epo.

Ìṣirò yẹn kò gbé iye epo ga. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìyá náà mọ iye tí kò gbọ́dọ̀ tà sílẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òun yóò san 17.000, ó mọ̀ nísinsìnyí pé gbèsè ni òun ń rà. Ó tún rí i pé bí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn bá jọ ra igi ìdáná, tí wọ́n sì jọ gba ọkọ̀ kan, ìnáwó yóò dínkù. Àwọn ìyá wa mọ àjọ dá. Wọ́n mọ èésú. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ohun tí ẹ ti ń fi orí ṣe ni a fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ojú lè rí i.

Ta ló dá iye lé e?

Ìbéèrè mìíràn tún wà. Ẹyìn pọ̀ lọ́dún kan, epo pọ́n lọ́dún kan. Òjò wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà tàbí àìtó ọjà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé òjò nìkan ni?

Igolo kò jìnnà sí wa. Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà wà ní òdìkejì. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń tà, ibẹ̀ ló ń lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti bodè. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀ nínú àwọn bodè wọn. Àwọn àgbà yóò rántí pé wọ́n ti tì í bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún 1984, ó sì wà ní títì títí di ọdún 1986. Lójú ọ̀nà méjèèjì, òjò rọ̀, ọ̀pẹ so, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà dí.

Ẹ tún wo náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, báńkì àgbà ti Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa dá iye lé náírà. Náírà já wálẹ̀ gidigidi. Ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ: oníbàárà kan wá pẹ̀lú 10.000 náírà. Bí 1.000 náírà bá jẹ́ 800 sẹ́fà, 8.000 sẹ́fà ló mú wá. Bí 1.000 náírà bá wá di 400 sẹ́fà, owó kan náà di 4.000. Oníbàárà náà kò yí padà di ahun. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló rọ. Ẹni tí kò mọ èyí yóò bá a jà lórí igbá lásán.

Sẹ́fà tiwa náà ti rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1994, àwọn ìjọba tó ń ná an dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì. Kí ó tó di ọjọ́ náà, 50 sẹ́fà ló ṣe déédéé 1 fráńkì àwọn Faransé. Láti ọjọ́ náà, ó di 100. Oògùn àti ìrẹsì tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta òwú sí òkè òkun, sẹ́fà tó ń wọlé fún un pọ̀ sí i. Ìpinnu kan ṣoṣo ni: ẹkún ni fún ẹni kan, ẹ̀rín ni fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, iye ọjà kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan jókòó, wọ́n pinnu. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ owó ti pàdé ẹ̀kọ́ ìṣèlú. Bí a bá béèrè pé «èló ni?», láìpẹ́ a óò béèrè pé «ta ló pinnu?»

Ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ti jókòó níbi ẹ̀kọ́ ìṣèlú rí. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1974, ó kéde ní Àgbómẹ̀ pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tọ̀. Ní ọdún kejì, orúkọ ìlú yí padà láti Dahomey sí Benin. Ìjọba náà ṣe ohun kan tó dára: ó gbé èdè abínibí lárugẹ, ó ní kí àgbà máa fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ìyókù pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin gbà. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú wà, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Ẹni tó bá béèrè ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rù a máa bà á. Nígbà tó fi di ọdún 1988 àti 1989, àwọn báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò rí i gbà. Oṣù gorí oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ kò gba owó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ìjọba fúnra rẹ̀ pa ọ̀nà náà tì. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kùtọnu. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Wọn kò fi ìbọn yanjú rẹ̀.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àwọn kan ní ó kọ́ wa pé kí á má fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìlú mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹ̀kọ́ tí kò gba ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Òfin ní kí á kọ́ ọ

Òfin ńlá ìlú wa jáde ní ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1990. Abala 3 sọ pé àwọn ará ìlú ló ni agbára ìjọba. Abala 11 sọ pé gbogbo wa ni a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èdè wa, kí á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Abala 40 wá sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ará ìlú ní òfin náà, kí ó sì fi ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ rí i pé ohun tí kíláàsì yín ń béèrè kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Òfin náà tún pín agbára sí ọ̀nà mẹ́ta: ààrẹ tó ń ṣàkóso, ilé aṣòfin tó ń ṣòfin, ilé-ẹjọ́ tó ń dájọ́. Ní ọdún 1748, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Montesquieu kọ ìwé kan. Ó ní bí agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, òmìnira kò sí mọ́. Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ní agbára, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì wà láti dá a lẹ́kun. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Àwọn kan ní àgbẹ̀ kò lè lóye irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1963, ní ìlú Angicos ní Brazil, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Paulo Freire àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ tálákà ní ìwé. Láàárín nǹkan bí wákàtí 40 ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìgbésí ayé wọn. Nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀wé kò lè dìbò ní Brazil. Ní ọdún 1964, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, wọ́n sì ti Freire mọ́lé. Wọn kò bẹ̀rù lẹ́tà. Ìbéèrè ni wọ́n bẹ̀rù.

Bí a óò ṣe ṣe é

Bí ẹ bá gbà, ìlànà mẹ́ta ni a óò tẹ̀ lé.

Èkíní: kò sí ìpolongo ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìbò, kí ó dúró síta.

Èkejì: ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni a óò fi bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: bídọ̀n epo, ìwé gbèsè, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ lọ́jà.

Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni lè sọ pé «n kò gbà», títí kan sí olùkọ́. Ìyá lè sọ ọ́, ọmọ lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ni ẹ óò pinnu. N kò ní pinnu fún yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ibi ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ sílé:

1. Ohun tí mo tà kẹ́yìn, èló ni mo jèrè lóòótọ́, bí mo bá ka ọjọ́ iṣẹ́ mi mọ́ ọn?
2. Owó tí mo san fún ìlú lọ́dún yìí, kí ni wọ́n fi ṣe? Ta ni mo lè bi?
3. Ìwé wo ni mo ti fọwọ́ sí tí ìṣirò rẹ̀ kò yé mi?

Bí ìdáhùn kò bá sí lẹ́nu yín, ẹ má ṣe tijú. Bàbá mi tijú láti béèrè. Oko ọ̀pẹ wa ló fi san owó ìtìjú náà. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

 Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti ẹnu yín.