Kí A Tó Pààrọ̀ Preamp: Ọ̀rọ̀ Lórí Ariwo, Ìlù àti Owó Nínú Sítúdíò Ilé

Ìbéèrè kan tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ òní: "Ọ̀gá, ohùn tí mò ń gbà sílẹ̀ kò mọ́ tó tàwọn ará òkè òkun. Ṣé preamp ni kí n pààrọ̀ ni àbí converter?" Ẹni tó ń béèrè máa ń ti mówó dání. Ó ti rí ẹ̀rọ náà, ó ti mọ iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tí yóò ní kó máa lọ rà á ló kàn ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu mi kọ́ ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe. Máìkì kò lágbára rárá. Ẹ wo Shure SM58, tí gbogbo yín mọ̀ bí ẹni mowó. Bí ohùn tó dé ojú rẹ̀ bá tó 94 dB, tí ìyẹn sì ti le díẹ̀, iná tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde kò ju nǹkan bíi 1.85 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan. A ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, kí àwọn ẹ̀rọ yòókù tó lè rí i lò. Preamp ló ń ṣe ìyẹn. Ìlọ́po 1,000 ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 60 dB. Bí dB bá fi 20 lé sí i, iná ti di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni converter: á wọn iná náà ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, nọ́ńbà ọ̀hún ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Nínú interface kékeré tó wà lórí tábìlì yín, inú àpótí kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ẹ wá jẹ́ ká jọ ṣírò nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, tí a sì dúró ní mítà kan sí i, ohùn rẹ̀ á tó nǹkan bíi 60 dB. Bí máìkì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu rẹ̀, á gòkè sí 74 dB. Bí a bá pe ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì ní máíkrófóòtì kan, SM58 yóò fún wa ní máíkrófóòtì 185. Yàrá náà ńkọ́? A ti pa fáànù, a ti ti fèrèsé, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn lẹ́yìn ògiri. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní 40 dB. N ò tíì bú yàrá ẹnikẹ́ni. Máìkì kan náà ló ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn, kò sì mọ̀ pé a ò fẹ́ ẹ. Máíkrófóòtì 3.7 ni ariwo yàrá ń mú wá. Ó wá ku ariwo tí preamp fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ interface olówó pọ́ọ́kú tòde òní, ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé rẹ̀ ni dBu -128. Bí a bá sọ ọ́ di fóòtì, máíkrófóòtì 0.31 ni.

Ariwo yàrá fi ìlọ́po méjìlá ju ariwo preamp lọ. Bí ẹ bá wá fi owó ọdún méjì ra preamp tó dára jù lọ láyé, ibo ló máa já sí? Ó níbi tí kò lè kọjá, nítorí ooru lásán máa ń mú kí iná gbọ̀n nínú waya. Rẹsísítọ̀ 150 ohm tó dá jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ń dá máíkrófóòtì 0.22 sílẹ̀. Preamp yín tuntun á sáré láti 0.31 lọ sí 0.22, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣì jókòó sórí 3.7. Etí ẹ̀dá kankan kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí omi kànga bá ti dọ̀tí nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìfami tó wù kẹ́ ẹ gbé lé e, omi ìdọ̀tí náà ni yóò fà wá.

Ohun tí yóò mú 3.7 yẹn wálẹ̀ kì í sábà gbówó lérí. Ẹ sún máìkì láti sẹ̀ǹtímítà 20 sí 10, ohùn olórin á di ìlọ́po méjì, ariwo yàrá á sì dúró síbi tó wà. Ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò tíntìnní tí ìka lè wọ̀ tó fún jẹnẹrétọ̀ láti wọlé. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tó ń fọn kúrò níwájú máìkì. Mo sì fẹ́ sọ èyí kí n má bàa gbàgbé: àwọn fóòmù onígun-gun tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ògiri kì í dí ariwo ìta. Bí ohùn ṣe ń ta padà láti ara ògiri ni wọ́n ń dín kù, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fúyẹ́ tó yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi dá jẹnẹrétọ̀ dúró? Ohun tó wúwo ló ń dí ariwo: ògiri, ilẹ̀kùn pákó líle, gíláàsì onípele méjì.

Iná mànàmáná náà ní tirẹ̀. Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìdí nìyẹn tí híún-ùn tí ẹ máa ń gbọ́ fi ń kùn ní 50 àti 100 Hz. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n wáyà láìsí ááàtì gidi, bí a bá sì so láptọ́ọ̀pù, interface àti sípíkà pọ̀, iná kékeré á máa yí po láàárín wọn, ẹ ó sì máa bú preamp tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kí ẹ tún gbọ́. Bí híún-ùn bá lọ, ẹ ti rí ọ̀daràn. Sítúdíò tó bá ń fi bátìrì láptọ́ọ̀pù àti interface tó ń gba iná láti ojú USB ṣiṣẹ́ lè mọ́ ju èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún inverter olówó kékeré pẹ̀lú: iná tó ń gbé jáde kì í tẹ́ dáadáa, ariwo bíi ti kòkòrò ló sì ń kó sínú waya.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìlù, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ preamp ti le, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ kò pọ̀. Ariwo kékeré kọ́ ni wàhálà dùndún. Agbára rẹ̀ ni. Ẹ gbé máìkì kọ̀ǹdẹ́ńsà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìyáàlù. Àwọn kan nínú wọn ń mú 25 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì jáde ní 94 dB, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́tàlá ti SM58 lọ. Ní 114 dB, ó ti di ìdámẹ́rin fóòtì. Bí kọ̀ǹgọ́ bá bọ́ sójú awọ gan-an ní ìsúnmọ́sí bẹ́ẹ̀, tí ohùn náà sì ta gòkè dé 134 dB fún ìṣẹ́jú bíi ká ṣẹ́jú, a ti wà ní fóòtì 2.5 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ interface kékeré kò lè gbà ju fóòtì 2 àti díẹ̀ lọ, kódà bí ẹ bá yí gain rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po tó ń fún iná, délẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀ dànù.

Kí la ń pàdánù? Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ò ní sọnù. Ẹ ó ṣì gbọ́ ohun tí onílù ń wí. Bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ ni yóò kú, ìyẹn ojú ibi tí ẹ ti ń mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ Àyàn ló wà níbẹ̀. Ṣaworo tó yí ojú ìyáàlù ká náà á dàrú: dípò kí ẹ gbọ́ ọ ní ṣẹnrẹnṣẹnrẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á di ariwo híhan kan ṣoṣo. Mo ti jókòó ti onílù kan tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo ìlù rẹ̀, ó ní, "Ta ló lu èyí?" Iná pupa ti ń tàn lójú interface látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ rò pé àmì ohùn tó yè kooro ni.

Ohun tí ìlù ń fẹ́ lọ́wọ́ preamp, nígbà náà, ni ààyè lókè, àti bọ́tìnnì tó ń dín iná kù ní 10 tàbí 20 dB kó tó wọlé. Bí tiyín kò bá ní in, tí ẹ sì ń gba ìlù sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ ti rí ìdí tó yè láti ra òmíràn. Ohun kejì tí ìlù ń béèrè ni iye ojú ìwọlé. Ọ̀wọ́ dùndún ní ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, ìṣáájú, kànnàǹgó àti gúdúgúdú. Interface olójú méjì kò lè kó wọn papọ̀. Ẹ lè ní ká gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀, ó sì máa ń dà bí àwọn tí kò jọ gbélé rí. Onílù ń wo ojú ara wọn lu ìlù ni. Preamp olójú mẹ́jọ tó ń fi waya ADAT bá interface yín sọ̀rọ̀, níwọ̀n bí interface náà bá ní ihò rẹ̀, yóò ṣe yín láǹfààní ju preamp olójú kan tí orúkọ rẹ̀ ń dún káàkiri. Waya kan ṣoṣo yẹn lè gbé ojú mẹ́jọ ní 48,000. Bí ẹ bá gòkè sí 96,000, mẹ́rin ló kù. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa darí aago èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa gbọ́ tá, tá, tá láàárín orin.

Ní ti converter, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn fi í wé teepu àtijọ́. Nígbà tí olórin Gẹ̀ẹ́sì nì, Paul McCartney, wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá lọ́dún 1973 láti ṣe àwo orin Band on the Run, teepu onílà mẹ́jọ ló bá níbẹ̀. Sítúdíò onílù Ginger Baker ní Ìkẹjà ní onílà mẹ́rìndínlógún. Baba wa Haruna Ishola, olórin àpàlà, dá Phonodisk tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, onílà mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo. Bí teepu ìgbà náà kò bá ní ẹ̀rọ apariwo, àlàfo tó wà láàárín ohùn tó ròkè jù àti ariwo teepu kì í sábà ju 60 sí 70 dB lọ. Converter inú interface kékeré òde òní ń fún yín ní nǹkan bíi 110. Nínú ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, àlàfo olùsọ̀rọ̀ sí yàrá rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹ fi 110 sílẹ̀, ẹ fẹ́ ra 120. Níbo lẹ fẹ́ fi í sí?

Ìdí mìíràn wà tí ọkàn mi kò fi ń fà sí i. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ AKM, tó ń ṣe chip inú converter, ní Nobeoka, ní Jàpáánì, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn kárí ayé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá chip kiri. Àwọn tí orúkọ wọn yàtọ̀, tí owó ọjà wọn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jọ ń ra chip lọ́dọ̀ ẹni kan náà. Ní ti 192,000 tí ẹ ń yàn kó lè dà bí iṣẹ́ ńlá, 48,000 ti tó láti gba ohùn dé 24,000 Hz, etí ọ̀dọ́ tó gbọ́ràn jù kò sì kọjá nǹkan bíi 20,000. Ní bit 24, ìṣẹ́jú kan ohùn ojú kan jẹ́ nǹkan bíi 8.6 MB ní 48,000. Ní 192,000, ó di 34.6. Ẹ fi ojú mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo ohun tó kù nínú láptọ́ọ̀pù yín.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ ra preamp nítorí ariwo? Ìgbà tí yàrá bá ti dákẹ́. Bí ẹ bá ti mú un wálẹ̀ sí 25 dB, tí ẹ sì ń lo máìkì tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi SM7B, ariwo yàrá á di máíkrófóòtì 0.4, ó sì kù díẹ̀ kí preamp bá a dọ́gba. Níbẹ̀ ni interface àtijọ́ tó ń dá 0.8 sílẹ̀ á ti máa fọn mọ́ akéwì létí. Láti mọ ìhà tí ẹ wà, ẹ jó rẹsísítọ̀ 150 ohm sáàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3 orí waya máìkì kan tí ẹ ò lò mọ́. Ẹ gbé gain síbi tí ẹ máa ń gbé e sí, ẹ gba dídákẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi máìkì gidi rọ́pò rẹ̀ láìyí gain, kí ẹ tún gba dídákẹ́ yàrá. Bí èkejì bá le ju àkọ́kọ́ lọ dáadáa, yàrá ni kí ẹ náwó lé. Bí àwọn méjèèjì bá jọra, ẹ lọ ra preamp, mo fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní àwọn ò wá mímọ́, adùn ni àwọn ń wá, irú èyí tó wà lára preamp Neve 1073 láti ọdún 1970. Mi ò bá wọn jà. Transformer inú rẹ̀ máa ń yí ohùn padà díẹ̀, ó sì máa ń dùn létí mi náà. Kí ẹni tó bá rà á kàn mọ̀ pé adùn lòun rà, kó má wá bi mí ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń dún síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra tòkunbọ̀ ní ọjà Alábà, ẹ mú mítà dání. Ẹ tan 48 fóòtì ojú máìkì, ẹ fi mítà sáàárín ihò 1 àti 2, lẹ́yìn náà 1 àti 3. Láàárín 44 sí 52 ló yẹ kó wà, kí méjèèjì sì jọra. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó lórí fóònù yín bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣe driver rẹ̀ fún Windows tàbí Mac tí ẹ ń lò, torí interface tí kọ̀ǹpútà yín kò dá mọ̀ kò ṣe é gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Mo ṣetán láti gba ìbéèrè yín.