Ẹ Má Jẹ́ Kí Àwòrán Wa Ṣègbé

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà onífíìmù ni a gbé wá.

Ní 1900 ni Kodak gbé kámẹ́rà Brownie jáde ní dọ́là 1 péré, tí mẹ̀kúnnù fi lè máa ya àwòrán fúnra rẹ̀. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà, ra Brownie tirẹ̀ ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, títí ó fi tó nǹkan bí 1,000 àwòrán. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kò kà sí, òun ló sọ ọ́ di ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ya ọjà, odò Kàdúná, àti ibùdó rélùwéè tí ọ̀pọ̀ bàbá wa sọ̀ sí. Nígbà ọyẹ́, ẹ rọra yí fíìmù. Bí a bá yára yí i nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, iná wẹ́wẹ́ a máa ṣẹ́ lára rẹ̀, a sì ba àwòrán jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ ńkọ́? Ó wà nínú àpótí wa láìsí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àgbà tó mọ̀ wọ́n bá lọ, àwọn tó tẹ ibí dó fún wa di àlejò nínú ilé ara wọn. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn wọn lónìí. Ẹ má ju nẹ́gátíìfù nù. Bí àwòrán bá ya, òun ni a ó fi tẹ òmíràn.

Ọmọ tí a bí sí Òkè Ọya yóò tipa bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó bí i.